Ọ́tánétọ̀ Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n, Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀, Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Tí iná pupa tó ní àwòrán bátìrì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹni tó jókòó tì yín á ní bátìrì yín ti kú. Ẹ bá wọ ọgbà rìwáyà (ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe), òun náà á ní ọ́tánétọ̀ ti lọ, kí ẹ lọ ra òmíràn wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ fánbẹ́ẹ̀tì tó ń yọ̀, tàbí tẹ́mínà (irin tó so wáyà mọ́ orí bátìrì) tó ti hu funfun, tàbí fíúsì kan tó jó, kó má sí nǹkan kan tó ṣe ọ́tánétọ̀ tí wọ́n ń dá lẹ́bi. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mítà kékeré kan tí owó rẹ̀ kéré jọjọ sí ti ọ́tánétọ̀ lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà fún yín kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà dání.

Toyota Corolla 2003 sí 2008, èyí tó ní ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ níbi tí àpẹẹrẹ bá ti pọn dandan, torí ó kún títì wa láti Èkó dé Ìlọrin, ara ẹ̀ sì rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ibi tí bóòtì wà àti bí àyè ṣe fẹ̀ tó ni yóò yàtọ̀. Ọ̀nà wíwọ̀n ò yàtọ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣe

Bátìrì ló ń jí ẹ́ńjìnì. Tí ẹ́ńjìnì bá ti jí tán, ọ́tánétọ̀ ló ń bọ́ gbogbo ilé: iná iwájú, fáànù rédíétọ̀, pọ́ǹpù epo, bùréènì-bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ọkọ̀), rédíò. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ló fi ń dá èyí tí sítátà mu nínú bátìrì padà.

Fánbẹ́ẹ̀tì ló ń yí i. Irin oníwáyà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rótọ̀. Kábọ́ọ̀nù kékeré méjì ló ń fa iná díẹ̀ wọ inú rótọ̀ yìí kó lè di mágínẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe ń yí, wáyà tó yí i ká, ìyẹn sítétọ̀, á máa mú iná jáde. Iná ọ̀hún ń lọ ó ń bọ̀, bátìrì ò sì lè gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn dáyóòdù á sọ ọ́ di iná tó gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Régúlétọ̀ ni alákòóso: tó bá pọ̀ jù, á dín in, tó bá kéré, á fi kún un. Kábọ́ọ̀nù, béárìnì, dáyóòdù, régúlétọ̀ àti rótọ̀ pẹ̀lú sítétọ̀ ni ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ohun tó lè bàjẹ́ lẹ́yìn òde rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmì tí ẹ ó rí

Kí ẹ tó sítáàtì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn. Iná bátìrì gbọ́dọ̀ tàn níbẹ̀, kó sì kú tí ẹ́ńjìnì bá ti jí. Tí kò bá tàn rárá kí ẹ tó sítáàtì, ẹ má yọ̀ pé ọkọ̀ yín dára: ó lè jẹ́ gílóòbù rẹ̀ ló ti jó, tàbí wáyà tàbí fíúsì tó lọ sẹ́yìn ọ́tánétọ̀.

Tí iná iwájú bá ń mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù, tó tún ń rẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ọ́tánétọ̀ ò ká iṣẹ́ mọ́. Igbe tó ń dún fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láàárọ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò, fánbẹ́ẹ̀tì ló ń ké. Èyí tó ń kùn tàbí tó ń lọ nǹkan, tó ń ga bí ẹ ṣe ń tẹ tọ́tù, béárìnì ni. Bátìrì tí omi inú rẹ̀ ń gbẹ ṣáá, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, pẹ̀lú gílóòbù tó ń jó léraléra, régúlétọ̀ ti ń jẹ́ kí iná pọ̀ jù. Bátìrì tó kú láàárọ̀ tó sì ń gba iná dáadáa lọ́sàn-án lè jẹ́ pé dáyóòdù kan ń jò, tí iná ń gba ibẹ̀ ṣàn padà lóru.

Ọ̀kan wà nínú àmì wọ̀nyí tí kò gba eré. Nínú ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE, fánbẹ́ẹ̀tì kan náà tó ń yí ọ́tánétọ̀ ló ń yí pọ́ǹpù omi àti ti sítíárìnì. Tí iná bátìrì bá tàn, tí sítíárìnì sì le lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀tì ti já. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á rọra wa ọkọ̀ dé ilé á sè é mọ́lẹ̀, owó gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì sì ju ti bẹ́ẹ̀tì lọ fíìfíì.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé iná nìkan ló tàn, tí sítíárìnì rọ̀, tí ọwọ́ ooru ò gòkè, ẹ lè wá ibi tó láàbò dé. Ẹ pa ẹ́sì, fáànù inú ọkọ̀, rédíò, ẹ yọ ṣájà fóònù. Ẹ má pa ẹ́ńjìnì títí ẹ ó fi débẹ̀, torí ó lè má jí mọ́. Lálẹ́, iná iwájú á tètè mu bátìrì gbẹ, nítorí náà kí ẹ má gbójú lé e láti gba màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn já.

Wíwọ̀n

Ẹ yí mítà sí DC (iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo), ibi tí wọ́n kọ 20 sí. Ẹsẹ̀ pupa lọ sí pọ́sítífù, dúdú lọ sí nẹ́gétífù. Orí bátìrì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbé e lé, ẹ má gbé e lé tẹ́mínà tó gbá a mú; ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Bátìrì la máa kọ́kọ́ wò, ọkọ̀ tó ti wà ní pípa fún wákàtí mélòó kan. Fóòlùtì 12.6 túmọ̀ sí pé ó kún. 12.4, ó ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 12.2, ó ti dé ìdajì. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ 12, ẹ gbé e fún oníṣájà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, torí bátìrì tó ti gbẹ á jẹ́ kí ọ́tánétọ̀ tó dára dà bí ẹni pé kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹnì kan sítáàtì kí ẹ máa wo mítà. Kò yẹ kó já wálẹ̀ ju 9.6 lọ nígbà tí sítátà ń yí. Tó bá já ju bẹ́ẹ̀, bátìrì tó ti kún lánàá náà ti darúgbó.

Ó kan ọ́tánétọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ láìtẹ tọ́tù, kí gbogbo ohun tó ń mu iná wà ní pípa. Ẹ ó rí nǹkan láàárín 13.8 sí 14.7. Tí ẹ bá rí 12.5 tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sí iná kankan tó ń dé bátìrì. Tí ẹ bá rí ju 15 lọ, régúlétọ̀ ti yarí. Ẹ má wa ọkọ̀ náà jìnnà, torí ó ń se bátìrì, ó sì lè ba bùréènì-bọ́ọ̀sì jẹ́. Ẹ ro ti ooru mọ́ ọn o: lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn gosíló wákàtí kan, 13.5 ò burú, torí a ṣe régúlétọ̀ láti dín iná kù tí ibi tó wà bá gbóná. Nínú àwọn ọkọ̀ tuntun, kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún ọ́tánétọ̀, ó sì lè mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 12.8 kó tó tún gbé e sókè. Ẹ má fi ìwọ̀n Corolla dá ọkọ̀ 2018 lẹ́jọ́.

Ẹ wá di ẹrù lé e. Iná iwájú gíga, ẹ́sì, fáànù inú ọkọ̀ dé ìpẹ̀kun, kí RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) sì dé 2000. Ó yẹ kó dúró lókè 13.5. Tó bá dára láìsí ẹrù, tó wá ń rẹlẹ̀ sí 12 àti díẹ̀ nígbà tí ẹrù dé, bẹ́ẹ̀tì ń yọ̀, tàbí kábọ́ọ̀nù ti jẹ tán, tàbí dáyóòdù kan ti kú. Ọ̀rọ̀ dáyóòdù ò ṣòro láti mọ̀: ẹ yí mítà sí AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀), ẹ wọn orí bátìrì bẹ́ẹ̀ náà. Tí ẹ bá rí ju 0.5 lọ, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti ń yọ́ wọ inú ọkọ̀, dáyóòdù ò dí i mọ́.

Èyí tó kàn ni wọ́n sábà máa ń fò, òun sì ni mo gbà pé ó ń gbani lọ́wọ́ ìnáwó jù lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹrù ṣì wà lórí ẹ́ńjìnì. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan mítà kan bóòtì ńlá tó wà lẹ́yìn ọ́tánétọ̀, tí wáyà tó nípọn ti jáde, tí wọ́n kọ B sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ fi ẹsẹ̀ kejì kan orí pọ́sítífù bátìrì. Ẹ ṣọ́ra, iná wà lórí bóòtì yẹn nígbàkúùgbà, ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ mítà fara kan ara ẹ́ńjìnì níbẹ̀, kí ẹ sì wo ọwọ́ àti aṣọ yín sí ibi tí bẹ́ẹ̀tì ti ń yí. Ohun tí mítà ń fi hàn yín ni iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. 0.1 tàbí 0.2, kò burú. Tó bá ti ju 0.3 lọ, wáyà ti jó nínú, tàbí tẹ́mínà ti dípẹtà, tàbí fíúsì ńlá tí wọ́n kọ ALT sí lára bọ́ọ̀sì fíúsì ti ń yọ́. Tó bá jẹ́ fóòlùtì kan tàbí méjì lódindi, ẹ ti rí ọ̀daràn náà: ọ́tánétọ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀nà ló dí.

Ẹ tún un ṣe ní apá ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gba ara irin ọkọ̀ padà sí nẹ́gétífù bátìrì): ẹsẹ̀ kan lára irin ọ́tánétọ̀, ìkejì lórí nẹ́gétífù bátìrì. Kò gbọ́dọ̀ ju 0.2 lọ. Wáyà ẹ́ẹ̀tì tó ti dípẹtà níbi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnì tàbí ara ọkọ̀ máa ń fara pa mọ́ fún ọdún, pàápàá nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnì rẹ̀ sọ̀ tí wọ́n sì dá a padà. Torí irú èyí ni mo fi ní kí ẹ gbé mítà lé orí bátìrì gan-an: láàárín tẹ́mínà àti orí bátìrì ni ìdọ̀tí sábà máa ń wà.

Ó ku púlọ́ọ̀gì kékeré tó wà lẹ́yìn ọ́tánétọ̀. Nínú Corolla yìí, IG, S àti L ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. S ń gba iná láti ọ̀dọ̀ bátìrì nígbàkúùgbà, kí régúlétọ̀ lè mọ bí bátìrì ṣe wà. IG ń gba iná tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. L ló lọ sí iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì náà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì, ẹ wọn S àti IG sí ẹ́ẹ̀tì. Tí ọ̀kan nínú méjèèjì ò bá ní iná bátìrì, fíúsì tàbí wáyà ni kí ẹ wá. Ọ́tánétọ̀ tuntun mẹ́ta ò lè tún un ṣe.

Ẹ má gbà kí wọ́n yọ tẹ́mínà

Ẹ mọ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ rìwáyà fi ń dán an wò. Wọ́n á sítáàtì, wọ́n á yọ nẹ́gétífù bátìrì kúrò nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ́ńjìnì ò bá kú, wọ́n á ní ọ́tánétọ̀ dára. Àṣà yìí ti pẹ́. Ayé dáínámò ló ti bẹ̀rẹ̀, kí Chrysler tó gbé Valiant jáde ní 1960 pẹ̀lú ọ́tánétọ̀ nínú rẹ̀, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Nígbà dáínámò, kò sí dáyóòdù tó lè jó, kò sì sí bùréènì-bọ́ọ̀sì nínú ọkọ̀.

Lónìí, bátìrì ló ń gba iná tó bá ṣàdédé fò. Ní ìgbà tí ẹ yọ ọ́, iná tí ọ́tánétọ̀ ń rọ sínú rẹ̀ ò ríbi lọ mọ́, fóòlùtì á sì fò kọjá 40 kí régúlétọ̀ tó rí i dí. Dáyóòdù lè jó, régúlétọ̀ lè jó, bùréènì-bọ́ọ̀sì lè jó, ọ́tánétọ̀ tó wá sí ọgbà pẹ̀lú tẹ́mínà ìdọ̀tí lásán á sì kú lóòótọ́. Yàtọ̀ sí èyí, àyẹ̀wò náà ò sọ nǹkan kan fún yín: ọ́tánétọ̀ tí dáyóòdù rẹ̀ kan ti kú ṣì lè gbé ẹ́ńjìnì tí kò ní ẹrù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fún ọkọ̀ yín, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹ fi mítà wò ó." Tí kò bá ní mítà, ẹ fún un ní tiyín.

Èyí tí a lè tún ṣe láì ra òdindi

Tí wíwọ̀n bá ti fi hàn pé inú ọ́tánétọ̀ ni ẹjọ́ wà, kò túmọ̀ sí pé kí ẹ sọ ọ́ nù. Kábọ́ọ̀nù ni ó ń jẹ jù. Nínú àwọn ọ́tánétọ̀ Toyota bí èyí, kábọ́ọ̀nù tuntun máa ń yọ síta ní nǹkan bíi mìlímítà 10.5, tó bá ti ku 1.5, ó ti parí. Rìwáyà tó mọṣẹ́ á pààrọ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí kan, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Béárìnì náà ṣeé pààrọ̀, bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ wọlé dípò kí wọ́n fi òòlù lù ú. Régúlétọ̀ àti àwo dáyóòdù wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jà.

Kí wọ́n tó dì í padà, ẹ ní kí wọ́n wọn rótọ̀: mítà sí ohm, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí òrùka bàbà méjèèjì tí kábọ́ọ̀nù ń gùn. Nǹkan bí ohm 2 sí 4 ló yẹ kó fi hàn. Láàárín òrùka àti irin rótọ̀, kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan hàn. Ní ti sítétọ̀, ojú lásán tó o. Bó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òun á tún wáyà rẹ̀ wé. Wọ́n lè wé e, ó sì lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ tí ọ́tánétọ̀ rẹ̀ kún ọjà bí ti Corolla, ìyà lásán ni.

Rírà

Ládípò ní Mushin àti ASPAMDA ní Trade Fair l'Ékòó, Àràrọ̀mí ní Gate n'Íbàdàn: kò sí èyí tí ẹ ò ní rí rà níbẹ̀. Tuntun wà, tòkunbọ̀ wà, èyí tí wọ́n tún ṣe nílé wà, a sì máa ń kùn ún ní fàdákà kó lè dà bí ọ̀kan nínú àwọn méjì àkọ́kọ́. Tèmi ni pé tòkunbọ̀ ojúlówó tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú sàn ju tuntun tí kò lórúkọ lọ.

Ẹ wo orí àwọn sikúrù tó di ara rẹ̀ mú: tó bá ti họ, wọ́n ti tú u rí. Ẹ wo inú rẹ̀ láti ojú ihò afẹ́fẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wáyà inú ò gbọ́dọ̀ dúdú. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí púlì: kó yí láìdún, láìlọ nǹkan. Ẹ mi ọ̀pá rẹ̀ sókè sódò: kò gbọ́dọ̀ mì. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ, kí ẹ fi ìrísí púlọ́ọ̀gì, iye ìlà inú púlì, ibi ihò bóòtì àti iye áńpù tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì wé ara wọn. Áńpù tó ga díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ò ṣe nǹkan kan. Èyí tó kéré jù á máa ṣiṣẹ́ kọjá agbára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tà á ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí i wò. Ẹ ní kí wọ́n yí i níṣojú yín, kí wọ́n gbé ẹrù lé e, kí ẹ fi mítà tiyín wọ̀n ọ́n. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jọ sọ ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí rìsíìtì.

Pípààrọ̀ rẹ̀ nínú Corolla 1ZZ-FE

Sókẹ́ẹ̀tì 10, 12 àti 14 pẹ̀lú ọ̀pá ìfàgùn, sípánà 19 tó gùn fún tẹ́ńṣọ́nà (ohun tó ń fa fánbẹ́ẹ̀tì le), sikurudíráfà pẹlẹbẹ, òòlù kékeré, sáńpépà, tọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù.

1. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì tú nẹ́gétífù bátìrì pẹ̀lú 10, ẹ fi aṣọ wé e kó má padà kàn án. Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Bóòtì B ní iná bátìrì lórí láìfi kọ́kọ́rọ́ pè. Bí sípánà bá kàn án tó sì kan ara ẹ́ńjìnì, iná tó máa ta lè fọ́ yín lójú, ó sì lè jó wáyà.

2. Ẹ ya fọ́tò bí fánbẹ́ẹ̀tì ṣe gba púlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé sípánà 19 lé orí tẹ́ńṣọ́nà, ẹ rọra fà á sí ibi tí sípíríńgì rẹ̀ ti ń gbà fún yín títí bẹ́ẹ̀tì á fi dẹ̀, ẹ bọ́ ọ kúrò lórí púlì ọ́tánétọ̀, kí ẹ sì rọra jọ̀wọ́ tẹ́ńṣọ́nà. Ẹ má jẹ́ kó já padà gbàù. Níwọ̀n bí ọwọ́ yín ti débẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí púlì tẹ́ńṣọ́nà. Bó bá ń kùn, òun ni yóò já bẹ́ẹ̀tì yín lọ́jọ́ iwájú.

3. Ẹ tẹ ahọ́n púlọ́ọ̀gì ẹ̀yìn, ẹ fà á jáde. Púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, ẹ má fa wáyà. Ọ̀rá rẹ̀ ti le nítorí ooru, ẹ ní sùúrù fún un kó má kán. Ẹ ṣí rọ́bà tó bo bóòtì B, ẹ fi 10 tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ yọ wáyà ńlá, ẹ tú u kúrò nínú kílíìpù rẹ̀.

4. Bóòtì méjì ló dì í mú, ọ̀kan orí 12, ọ̀kan orí 14. Ẹ tú 12 lákọ̀ọ́kọ́. Bí ẹ bá ti yọ 14 tán, ẹ máa di ọ́tánétọ̀ mú, ṣùgbọ́n kò ní jábọ́ fúnra rẹ̀: páìpù irin kékeré kan wà níbi bóòtì tó máa ń fún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì. Ẹ máa mì í sọ́tùn-ún sósì títí á fi bọ́. Ẹ má fi sikurudíráfà dọ́gbọ́n gbé e láti ara àwọn ihò afẹ́fẹ́, alumíníọ̀mù ni, á fọ́.

5. Ẹ gbé tuntun àti ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Ẹ ó tún fojú wé wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ohun tó jọra lọ́jà lè má jọra nílé. Ẹ wo páìpù irin kékeré náà lára tuntun. Ẹ fi òòlù rọra gbá a sẹ́yìn díẹ̀ kí àyè lè fún ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹni tí kò mọ èyí á fi wákàtí kan ti ọ́tánétọ̀ tí kò ní wọlé, á wá rò pé wọ́n ta ti ọkọ̀ mìíràn fún òun.

6. Ẹ fi sáńpépà nu ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ẹ́ńjìnì. Ibẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń gbà, kò ní wáyà ẹ́ẹ̀tì mìíràn.

7. Ẹ gbé e wọlé, ẹ fi ọwọ́ lásán yí bóòtì méjèèjì wọlé kí ẹ tó mú sókẹ́ẹ̀tì. Nm 54 (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi ń de bóòtì) ni ìwọ̀n bóòtì orí 14, Nm 25 ni ti orí 12. Bí kò bá sí sípánà ìwọ̀n, ẹ mọ̀ pé èyí tó kéré kò fẹ́ ju ìdajì agbára èkejì lọ.

8. Wáyà ńlá padà sórí bóòtì B, nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè dáadáa, nǹkan bí Nm 10. Bó bá dẹ̀, á máa gbóná títí yóò fi jó. Bó bá sì le jù, bóòtì á já mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ bo rọ́bà rẹ̀ padà. Ẹ ti púlọ́ọ̀gì wọlé títí á fi dún.

9. Ẹ fa tẹ́ńṣọ́nà, ẹ dá bẹ́ẹ̀tì padà gẹ́gẹ́ bí fọ́tò yín. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo púlì kọ̀ọ̀kan: ìlà bẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jókòó sínú ìlà púlì. Bí ìlà kan bá yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀tì á fà ya láìpẹ́.

10. Bátìrì tó ti gbẹ kò gbọ́dọ̀ padà sínú ọkọ̀ báyìí. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣájà kún un. A ò ṣe ọ́tánétọ̀ láti jí òkú bátìrì dìde. Iṣẹ́ kọjá agbára fún wákàtí mélòó kan lè sun dáyóòdù tuntun lọ́jọ́ kìíní. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ dá nẹ́gétífù padà.

Ẹ sítáàtì. Iná bátìrì gbọ́dọ̀ kú. Ẹ tún wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀, láìsí ẹrù àti pẹ̀lú ẹrù. Bí ẹ́ńjìnì bá ń gbọ̀n díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kọ̀ǹpútà ló ń tún ìmọ̀ rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn tí ẹ yọ bátìrì. Bí ìwọ̀n bá sì wà bó ṣe wà pẹ̀lú ti àtijọ́, ẹ má sáré lọ bá oníṣòwò jà. Ẹ padà sórí wáyà B, ẹ́ẹ̀tì àti púlọ́ọ̀gì.

Kó lè pẹ́

Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ wo bẹ́ẹ̀tì. Àwọn ti àtijọ́ máa ń sán. Àwọn ti òde òní kì í sábà sán, ìlà wọn ni ó ń jẹ tí wọ́n á fi máa yọ̀, nítorí náà bẹ́ẹ̀tì tí kò sán lè ti parí. Tẹ́mínà tó hu funfun, ẹ da omi gbígbóná àti baking soda sí i, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi fasilíìnì díẹ̀ pa á. Ẹ di bátìrì mọ́lẹ̀ kó má máa jó nínú gàlọ́ọ̀pù.

Ọ́ìlì tó ń jò sórí ọ́tánétọ̀ á wọ inú rẹ̀, á sọ ẹ̀tù kábọ́ọ̀nù di ẹrẹ̀. Ẹ wá ibi tó ti ń jò kí ẹ tó ra ọ́tánétọ̀ kejì. Níbi tí wọ́n ti ń fi omi alágbára fọ ẹ́ńjìnì, ẹ fi ọ̀rá bò ó kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Àgbàrá òjò tó ga dé ibi tó wà náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú yanrìn lórí rẹ̀.

Amúgbóhùn ńlá àti ínfátà tí ẹ so mọ́ bátìrì ọkọ̀ ń jẹ nínú áńpù kan náà tí iná iwájú ń jẹ. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó so ó. Ọkọ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ rìnrìn àjò, kí wọ́n bá yín fi ṣájà kún bátìrì rẹ̀ dípò kí wọ́n kàn máa sítáàtì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Sítátà á mu, ẹ́ńjìnì tí a ò tẹ tọ́tù rẹ̀ ò ní rí i dá padà tán. Bí ẹ bá ń fi wáyà jí ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹ wo + àti − lẹ́ẹ̀mejì, torí bí ẹ bá yí wọn padà, dáyóòdù ló kọ́kọ́ ń kú.

Àwọn páńẹ́lúbítà náà ń pa ọ́tánétọ̀ láìmọ̀. Iná wẹ́dà ń gba ara ọkọ̀ kọjá, ó sì ń dé dáyóòdù àti bùréènì-bọ́ọ̀sì. Kí wọ́n tó so wẹ́dà mọ́ ara ọkọ̀ yín, ẹ fi ọwọ́ ara yín tú tẹ́mínà méjèèjì kúrò, nẹ́gétífù lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó lọ jókòó.